Every Day (2018): Ara Pọ̀ Nínú Fíìmù Yìí, Àyè Ni Kò Kárí

Ọ̀rọ̀ Alexander, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin inú fíìmù Every Day, ló gbé mi dé ìdí ohun tí mò ń kọ yìí. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ bí fíìmù náà ṣe parí, kó yáa dúró níbí. A, ẹ̀mí tí kò ní ara tirẹ̀, tó ń jí sínú ara ọmọ ọdún 16 mìíràn lójoojúmọ́, wọ ara ọmọkùnrin yìí, ó sì rọ́gbọ́n dá tí kò fi kúrò níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gànjọ́ òru tó. Ó wò ó, ó rí i pé ọmọ dáadáa ni, ló bá pinnu pé òun á fi Rhiannon, ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́, sílẹ̀ fún un. Ta ló bi Alexander? Kò sẹ́ni tó bi í. Kó tó padà sínú ara rẹ̀, wọ́n ti bá a wá àfẹ́sọ́nà sílẹ̀!

Ẹ tún wá wo ẹni tó gba ẹ̀bùn náà. Justin, ọ̀rẹ́kùnrin aláìbìkítà tí Rhiannon ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, Justice Smith ló ṣe é, aláwọ̀ dúdú. Alexander tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, Owen Teague ni, aláwọ̀ funfun. Láàárín àwọn méjèèjì, ara onírúurú ń kọjá: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó sanra, ọmọ Éṣíà. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 97 péré ni fíìmù náà, ẹni tó bá pín in láàárín gbogbo wọn á rí i pé àwọn kan kàn wá kí wa ni.

Vic wà lára wọn, ó sì dùn mí. Ọmọ tí wọ́n kọ "obìnrin" sínú ìwé ìbí rẹ̀ ni, àmọ́ ọkùnrin ló mọ ara rẹ̀ sí. Òṣèré tọ́rọ̀ irú èyí kàn gan-an, Ian Alexander (kì í ṣe Alexander inú ìtàn), ni wọ́n gbé e fún, iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún ẹlòmíì. Àṣàyàn tó dára nìyẹn, ká má purọ́. Wọ́n yàn án tán, wọn ò fún un láyè.

Mo tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò, ìbínú mi sì rọ̀ díẹ̀. Ènìyàn méjì ni Justice Smith ṣe nínú ara kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí A wọ Justin, ó ń wo Rhiannon bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ara yẹn náà ni, ojú náà ni, àmọ́ kò sẹ́nìkan níbẹ̀ mọ́. Nínú ara ọmọkùnrin dúdú yẹn ni ìfẹ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì lè fojú fo ìyẹn.

Angourie Rice tó ṣe Rhiannon ló ru ẹrù tó wúwo jù. Àwọn tó ń ṣe A kì í pẹ́ tó kí ìṣe kan tó mọ́ wa lójú, nítorí náà ojú Rhiannon ni à ń wò ká tó mọ̀ pé A ti dé. Níbi tí Rhiannon kò bá sí, A fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣá: A kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo, àwọn Òyìnbó sì ń wá ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí wọn yóò fi pè é kiri. Àwa sọ "ó", ó tán.

Máàkì: 4 nínú 5. Mo mọ̀ pé ìbínú òkè yẹn kò jọ 4. Ọ̀kan tí mo yọ, ti Alexander ni. Ẹni tó bá rí i, kó bá mi fún un.