Tribal Wars: eré ogun tó jẹ́ pé aago ló ń jà á

Ẹni tó bá ṣí Tribal Wars fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ìwé ìṣirò lòun ṣèèṣì ṣí. Àwòrán abúlé kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà, lẹ́tà àti ìròyìn ogun ló kún ojú ìwé yòókù. Kò sí ibi tí èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ọ̀kọ̀. Ẹ ó lọ sí Rally point, ẹ ó kọ iye ọmọ ogun tí ẹ fẹ́ rán, ẹ ó yan abúlé tí wọ́n ń lọ, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ìròyìn á wọlé: àwọn tó kú, àwọn tó yè, iye igi, amọ̀ àti irin tí wọ́n kó bọ̀. Ilẹ̀ Jámánì ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Die Stämme, InnoGames tó wà ní Hamburg ló sì ni ín. Kì í ṣe ẹwà ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ ló mú àwọn èèyàn lẹ́mìí.

Abúlé kan ṣoṣo ni olúkúlùkù fi ń bẹ̀rẹ̀. Ibi ìgégi, kòtò amọ̀ àti ibi ìwakùsà irin ló ń pèsè ohun tí a fi ń kọ́lé, tí a sì fi ń kó ọmọ ogun jọ. Nínú ayé (sáfà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe eré náà) tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 1, ibi ìwakùsà tó wà ní ipele 1 ń mú 30 wá ní wákàtí kan. Ní ipele 10 ó di 117, ní ipele 20 ó di 530, ní ipele 30 tó jẹ́ òpin ó di 2,400. Ẹ rí i pé fún ìgbà pípẹ́, ohun tó ń wọlé kò tó nǹkan. Ẹni tó bá jókòó ti kùsà nìkan ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ti sọ ara rẹ̀ di ìjẹ fún aládùúgbò tó gbọ́n jù ú lọ. Ìkógun ló ń gbé abúlé kékeré dìde, pàápàá láti àwọn abúlé tí kò ní olúwa, tí àwọ̀ wọn jẹ́ eérú lórí máàpù.

Àwọn méjì ló yẹ fún ìkógun. Ọlọ́kọ̀ kan ń gba igi 50, amọ̀ 30 àti irin 10, ó ń gbé ẹrù 25. Ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ ń gba igi 125, amọ̀ 100 àti irin 250, ó ń gbé ẹrù 80. Tó bá ṣe pé owó nìkan là ń wò, ọlọ́kọ̀ ló sàn: ìrìn mẹ́rin tí ẹrù rẹ̀ kún ti dá owó rẹ̀ padà, ẹlẹ́ṣin kò ní dá tirẹ̀ padà títí di ìrìn kẹfà. Ààyè èèyàn mẹ́rin ni ẹlẹ́ṣin kan tún ń gbà lóko (ilé tó ń pinnu iye èèyàn tí abúlé lè gbà), ọlọ́kọ̀ mẹ́rin tó bá wà ní ààyè yẹn ì bá sì gbé 100. Kí ló wá dé tí àwọn ògbóǹtarìgì fi ń sáré kọ́ ilé ẹṣin? Aago ni. Ọlọ́kọ̀ ń fi ìṣẹ́jú 18 rin ojú ilẹ̀ kan lórí máàpù, ìṣẹ́jú 10 ni ti ẹlẹ́ṣin. Tí ẹ bá fi ẹrù wé àkókò, ààyè kan lóko ń kó nǹkan bí 1.4 ní ìṣẹ́jú kan lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ó ń kó 2 lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Ẹlẹ́ṣin tún máa ń ṣáájú ọlọ́kọ̀ àwọn ẹlòmíì dé abúlé náà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé ló ń kó ẹrù.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro, ó kàn gba ìdúró ni: olú-ilé dé ipele 10, bárékè 5, àgbẹ̀dẹ 5, kí ilé ẹṣin tó ṣeé kọ́. Ilé ẹṣin fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé 3 kí ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ tó jáde. Kí ọ̀nà yẹn tó pé, ẹ má fi irin ṣòfò lórí onídà. Onídà kan ń jẹ irin 70, ẹrù 15 ló ń gbé, ìṣẹ́jú 22 ló sì fi ń rin ojú ilẹ̀ kan. Èyí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí pé orúkọ rẹ̀ dún bí ti akọni. Àṣìṣe kejì ni àká. Tí ó bá kún, gbogbo ohun tó bá ń wọlé lẹ́yìn ìyẹn ń ṣòfò ni, ẹrù tí àwọn ẹlẹ́ṣin yín bá kó bọ̀ náà ń bá a lọ. Ẹ kọ́ àká sókè kí ẹ tó lọ sùn.

Nígbà tí ogun gidi bá dé, èèyàn gbọ́dọ̀ ya abúlé sọ́tọ̀: èyí fún ìkọlù, èyí fún ìdáàbòbò. Àdàlú kì í ṣiṣẹ́. Oko ipele 30 ń gba èèyàn 24,000, ilé àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á sì mú díẹ̀ níbẹ̀. Abúlé ìkọlù tó péye lè ní aláàáké 6,500, ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ 2,600 àti 300 ìtì tí wọ́n fi ń wó odi. Gbogbo wọn jẹ́ ààyè 18,400. Agbára ìkọlù aláàáké kan jẹ́ 40, ti ẹlẹ́ṣin fífúyẹ́ jẹ́ 130. Àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ń lo ọlọ́kọ̀ (45 lójú ẹlẹ́ṣin, 15 péré lójú aláàáké) pẹ̀lú onídà (50 lójú aláàáké). Níbí yìí ni onídà ti rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe. Tí ẹ bá ní ọlọ́kọ̀ nìkan, aláàáké á kọjá lórí yín bí omi. Ẹlẹ́ṣin adìhámọ́ra lágbára fún ìdáàbòbò, ó sì ń tètè dé ibi tí wọ́n bá pè é sí, àmọ́ irin 600 ni ẹyọ kan ń jẹ.

Ohun mẹ́ta ló ń da ìṣirò yẹn rú. Odi ipele 20 ń sọ agbára àwọn tó wà nínú ìlú di ìlọ́po méjì àti díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ogun tí kò bá ní ìtì fi máa ń kú síbẹ̀. Oríire lè fi 25% kún agbára ẹni tó ń kọlù tàbí kó yọ 25% kúrò. Ẹ̀kẹta ni morale: tí ẹni ńlá bá kọlu ẹni kékeré, agbára rẹ̀ ń já wálẹ̀, ó lè dé 30%. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń gbàgbé èyí tí wọ́n bá ti dàgbà tán. Wọ́n á rán ogun tó yẹ kó ṣẹ́gun lọ sọ́dọ̀ ọmọdé, ìròyìn á dé pé kò sẹ́ni tó bọ̀. Bọ́tìnì Simulator wà ní Rally point fún irú èyí. Kọ iye ọmọ ogun ìhà méjèèjì, odi, morale, kí ẹ sì fi oríire sí -25. Tí ẹ bá ṣẹ́gun níbẹ̀, ẹ lè rán wọn.

Gbígba abúlé ni ọkàn eré náà, ibẹ̀ ló sì ti dùn jù. Ọ̀tọ̀kùlú ló ń ṣe é, ilé tí wọ́n ń pè ní Academy ló sì ti ń jáde. Olú-ilé gbọ́dọ̀ wà ní 20, àgbẹ̀dẹ ní 20, ọjà ní 10. Ọ̀tọ̀kùlú kan jẹ́ igi 40,000, amọ̀ 50,000 àti irin 50,000, nítorí náà àká tí kò bá tó ipele 20, tó ń gba 50,675, kò lè kó owó rẹ̀ jọ rárá. Nínú ayé tó ń lo owó wúrà, owó kan ń jẹ igi 28,000, amọ̀ 30,000 àti irin 25,000. Ọ̀tọ̀kùlú àkọ́kọ́ ń fẹ́ owó kan, ìkejì ń fẹ́ méjì sí i, ìkẹta mẹ́ta sí i. Mẹ́rin lápapọ̀ jẹ́ owó 10, a ò tíì san owó àwọn fúnra wọn.

Ìdúróṣinṣin abúlé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100. Gbogbo ìgbà tí ọ̀tọ̀kùlú bá bá ogun tó ṣẹ́gun dé, ó ń yọ 20 sí 35 kúrò. Tó bá di òdo tàbí tó kọjá ibẹ̀, abúlé di tiyín, ọ̀tọ̀kùlú náà á sì pòórá. Ìdúróṣinṣin ń padà wá ní 1 fún wákàtí kan nínú ayé ìyára 1. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ní ọ̀tọ̀kùlú kan ṣoṣo, tó fẹ́ gba abúlé aláìlólúwa tó wà ní ojú ilẹ̀ márùn-ún sí i. Ìṣẹ́jú 35 ni ọ̀tọ̀kùlú ń lò lórí ojú ilẹ̀ kan, nítorí náà àlọ jẹ́ ìṣẹ́jú 175, àlọ àti àbọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́fà. Abúlé á gba nǹkan bí 6 padà láàárín ìrìn méjì. Tí a bá mú 27 tàbí 28 gẹ́gẹ́ bí ìdajì ọ̀nà, ìrìn márùn-ún ló máa ń gbà, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 26. Ẹ máa ṣe é, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kí ẹ má dán an wò lára abúlé tí ẹnìkan ń gbé inú rẹ̀.

Fún abúlé ẹni alààyè, ọ̀tọ̀kùlú mẹ́rin ni wọ́n ń rán tẹ̀léra, kí wọ́n dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ogun ńlá á kọ́kọ́ dé láti fọ ìlú mọ́, ọ̀tọ̀kùlú á tẹ̀lé e, olúkúlùkù wọn pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá rán wọn láìní ẹ̀ṣọ́ ń fi 140,000 ṣeré ni. Mẹ́rin máa ń tó, kì í ṣe gbogbo ìgbà: tí ìyọkúrò bá kéré lẹ́ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 80 péré ló lè jẹ́, ẹ ó sì nílò ìkarùn-ún.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, eré yìí sì ń fi àkókò tí gbogbo ìkọlù á dé han ẹni tí wọ́n ń bọ̀ wá kọlù. Àrékérekè tí wọ́n ń pè ní snipe ti ibẹ̀ wá. Ẹ ó fi ọmọ ogun yín sá fún ogun ńlá, ẹ ó sì jẹ́ kí wọ́n padà wọlé láàárín ọ̀tọ̀kùlú àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ká ní ọ̀tọ̀kùlú fẹ́ dé ní 14:10:00. Ẹ rán ọmọ ogun yín jáde síbikíbi ní 14:02:00, kí ẹ fagi lé e ní 14:06:00. Wọ́n lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, wọ́n á lo mẹ́rin bọ̀, 14:10:00 ni wọ́n á wọlé. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ nìkan ni àṣẹ ṣeé fagi lé, ẹ má kọjá rẹ̀. Tí ẹ bá yára jù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ogun ńlá á pa wọ́n. Tí ẹ bá pẹ́, ìlú ti lọ. Nítorí náà, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà á máa dun yín níbí ju ibikíbi lọ.

Lójú ẹni tó ń wá eré ìṣeré ìjòyè gidi, tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ayé àtijọ́, Tribal Wars lè já a kulẹ̀. Àwọn ẹ̀yà (ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣeré pọ̀) ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń ṣàdéhùn, wọ́n sì ń dalẹ̀ ara wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kì í ju "rán ọlọ́kọ̀ 2,000 wá kí ilẹ̀ tó mọ́". BattleMaster ló yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni eré yẹn, ìdílé ọlọ́lá lẹ ó máa darí, ogun sì ń jà lẹ́ẹ̀mejì péré lóòjọ́. Ó tún ní òfin tó dára tó sì ṣọ̀wọ́n: ọba yín kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ yín nítorí pé ẹ kì í wọlé lemọ́lemọ́.

Nínú Tribal Wars, oorun ni ọ̀tá. Ìkọlù ń bọ̀ lóru gan-an nítorí pé ẹ ń sùn. Àwọn ayé kan ní àjẹmọ́nú òru fún ẹni tó ń dáàbò bo ara rẹ̀, àwọn mìíràn kò ní. Ètò kan wà tí ọmọ ẹ̀yà yín fi lè bá yín ṣọ́ àkáǹtì. Ẹ lò ó dípò kí ẹ fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Tí ènìyàn méjì bá ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kan náà, ẹ sọ ọ́ nínú ètò àkáǹtì kí wọ́n má baà kà yín sí ẹni tó ní àkáǹtì méjì nínú ayé kan, nítorí wọ́n máa ń tì í pa.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Ẹni tí kò ní Premium (ètò tí wọ́n ń sanwó fún) ń to ilé méjì péré sórí ìlà ìkọ́lé, ó sì ń tẹ gbogbo nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Abúlé kan tàbí mẹ́ta, ẹ lè fara dà á. Tó bá di ogún, ọwọ́ yín á bó. Ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni àwọn ayé tí wọ́n ti ń fi àmì Premium ra igi àti irin tààrà, níbi tí àpò ti ń ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ojú ìwé ètò ayé kọ̀ọ̀kan ń sọ èyí kí ẹ tó wọlé, ó sì ń sọ ìyára, morale, àjẹmọ́nú òru àti iye ẹni tí ẹ̀yà kan lè gbà. Ẹ kà á. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó ń ṣe kó má kọjá ìyára 1.

Tó bá sì sú yín, ẹ má kàn pa á tì. Ẹ sọ fún ẹ̀yà yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ kó ọmọ ogun yín lọ ṣèrànwọ́ níbòmíì, kí wọ́n fi ọ̀tọ̀kùlú gba abúlé náà kí ọ̀tá tó mọ̀ pé kò sẹ́nìkan nílé.