Ìkìlọ̀: Ẹ má fi fọ́tò inú yàrá yín ránṣẹ́ sí oní-preset kankan

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Yábàá, Sùúrùlérè, Ìkẹjà, títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó sanwó fún àwọn tó ń polówó preset Lightroom (àtò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ tí a fi ń tún fọ́tò ṣe nínú ápù Lightroom) lórí WhatsApp status: "Preset 1,500, ₦5,000 péré, ara yín á máa dán." Àwọn tí wọ́n dójú lé jù ni àwọn tó máa ń fi fóònù ya ara wọn nínú yàrá, fọ́tò téèyàn yà fún ara rẹ̀ tàbí fún olólùfẹ́ rẹ̀ nìkan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Bí owó bá ti wọlé, wọ́n á ní preset náà gbọ́dọ̀ bá awọ yín mu, kí ẹ fi fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ kò tíì tún ṣe ránṣẹ́. Wọ́n á tún ní kí ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kó má baà bàjẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp máa ń fún un pọ̀, ó sì máa ń gbọn àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ dànù. Èyí tó bá lọ bíi document máa ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ dání: irú fóònù, ọjọ́, aago, àti ibi tí ẹ ti yà á, bí location kámẹ́rà yín bá wà ní títàn. Ẹni tó ti ní fọ́tò yín lọ́wọ́, tó tún mọ ilé yín, kí ló kù? Owó ló máa béèrè lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìhàlẹ̀.

Nọ́ńbà lásán ló wà nínú preset: Exposure (ìmọ́lẹ̀) mélòó, Temp (bí àwọ̀ ṣe gbóná tàbí tutù tó) mélòó, Orange (àwọ̀ ọsàn) mélòó. Fáìlì XMP tàbí DNG ni. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ rí ara yín kó tó tà á. Ẹni tó ń tà á ló yẹ kó fi iṣẹ́ tirẹ̀ hàn, fọ́tò kan náà kó tó tún un ṣe àti lẹ́yìn tó tún un ṣe, lára awọ dúdú bíi tiwa.

Awọ dúdú yẹn ṣe pàtàkì. Preset tí wọ́n ṣe fún awọ funfun sábà máa ń gbé Luminance (bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó) ti Orange sókè, kó sì fa Saturation (bí àwọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó) rẹ̀ wálẹ̀. Inú Orange yẹn ni awọ tiwa náà wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ara á funfun bí ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò rí òróró fi para. Ẹ lọ sí Color Mix, ẹ dá Luminance ti Orange padà sí 0 tàbí -10, kí ẹ wá máa fi Saturation rẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, preset tí wọ́n ṣe fún RAW (fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe rárá), tí Temp rẹ̀ jẹ́ 5,500, kò lè rí bákan náà lórí JPEG (irú fọ́tò tí fóònù sábà máa ń yà), nítorí -100 sí 100 ni Temp ti JPEG. Bí gílóòbù pupa inú yàrá bá sì ti dà pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, kò sí preset tó máa yanjú rẹ̀ dáadáa. Ẹ pa gílóòbù yẹn, ẹ nu lẹ́ǹsì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí fèrèsé. Ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn mìíràn á fi APK (fáìlì tí a fi ń gbé ápù sórí fóònù Android) ránṣẹ́, wọ́n á ní Lightroom tí wọ́n ti ṣí pátápátá ni. Preset kì í ṣe ápù o! Bí ápù tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà bá ń béèrè àyè láti ka SMS tàbí láti lo Accessibility (àyè tó fi lè rí ohun tó wà lójú fóònù yín), ó lè ka OTP báǹkì yín. Lightroom ọ̀fẹ́ wà lórí Play Store àti App Store. Bí preset yín bá jẹ́ XMP, ẹ lọ sí Presets nínú Lightroom, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, kí ẹ yan Import Presets. DNG ńkọ́? Ẹ ṣí i bíi fọ́tò, àmì mẹ́ta yẹn náà, Create Preset. Ẹ má gbé fóònù tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Computer Village pé kó bá yín fi sí i.

Ẹni tó bá ti fi fọ́tò ránṣẹ́ ná, ẹ má san kọ́bọ̀ lé e, torí ẹni tó bá gbà lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi nọ́ńbà rẹ̀, àkáǹtì rẹ̀ àti ọjọ́ hàn, kí ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀. Òfin Cybercrimes Act ti 2015 de irú ìhàlẹ̀ báyìí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ẹni ọdún 18 sókè, StopNCII.org wà, ìkànnì tó ń bá èèyàn dènà kí wọ́n má fi fọ́tò ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ síta: orí fóònù yín ló ti ń sọ fọ́tò náà di àmì tí wọ́n fi lè dá a mọ̀, àmì yẹn nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ Facebook, Instagram àti àwọn mìíràn tó bá wọn ṣe, kí wọ́n lè dí i. Fọ́tò náà kò ní kúrò lọ́wọ́ yín.