Ṣé kó o gbé blẹ́ńdà ẹ lọ ni àbí kó o ra tuntun lọ́hùn-ún?

Gbogbo ẹni tí físà bá ti jáde fún ní Ìkòròdú níbí ló ń bi mí. Ibi tó ò ń lọ gan-an lọ̀rọ̀ wà. London ò le rárá, 230 volt, 50 Hz (iye ìgbà tíná ń yí lọ yí bọ̀ ní sẹ́kọ́ńdì kan) niná wọn bíi tiwa, kódà plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wa bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn mu. Amẹ́ríkà àti Kánádà ńkọ́? 120 volt, 60 Hz ni, àyọ́ọ̀nù tó ń jó aṣọ mọ́ ẹ lọ́wọ́ ní Ṣábọ̀, tó bá débẹ̀ á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, torí tí volt iná bá dín sí ìdajì, ooru ẹ̀ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Àdápítọ̀ kékeré yẹn ò sì yí iná padà o, ẹnu plọ́ọ̀gì nìkan ló ń yí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé blẹ́ńdà ata ẹ̀ lọ Houston, ó wá ra transformer, ẹ̀rọ tó ń yí volt iná padà, sí i, ó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù, owó ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ra blẹ́ńdà tuntun. Ṣájà fóònù àti láptọ́ọ̀pù ní tiwọn, wo ara ẹ̀, tó bá ti kọ 100-240V, máa gbé e lọ.

Tó bá jẹ́ London lò ń lọ, tí àyè sì ṣì kù nínú báàgì ẹ, gbé tilé, pàápàá tó bá ṣì lágbára. Tó bá jẹ́ Toronto, fi í sílẹ̀ fún Mọ́mì, ra tọ̀hún, àmọ́ má fi ti 120 volt yẹn ránṣẹ́ sílé o, ọjọ́ tí wọ́n bá kì í bọ iná ló máa jó.