Àgbéyẹ̀wò systemd: ìgbà tí a bá fọwọ́ pa ètò, àti ìgbà tí iná bá lọ

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti íntánẹ́ẹ̀tì la ní ní Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Orí Debian, irú Linux kan, ni server wa wà; systemd, tó ń tan ètò tó sì ń pa á lórí Linux, sì ti ń bá Debian wá láti ẹ̀dà 8 tó jáde ní 2015. Àwọn kan ò yéé bú u. Èmi ò bá wọn bú u, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan í rò.

Ètò kan ló ń ka àkókò oníbàárà fún wa. Bí mo bá fọwọ́ ara mi pa á pẹ̀lú `systemctl stop`, mo fẹ́ kó kọ́kọ́ da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ sórí dísíkì kejì, ìyẹn sì máa ń pẹ́. Bí iná bá lọ ńkọ́, tí onduleur (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé iná ró díẹ̀) ń ké, tí ó ní kí server pa ara rẹ̀? Kò sáyè àdàkọ níbẹ̀ rárá. Àmọ́ lójú systemd, ìkan náà ni méjèèjì: ExecStop, àṣẹ tí a kọ fún un pé kó ṣe bó bá fẹ́ pa ètò, náà ni yóò pè. Ìṣẹ́jú àáyá 90 ló ń fún àṣẹ yẹn; bí kò bá parí, á fi SIGTERM (ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí) ránṣẹ́ sí ètò, bó bá tún kọ̀, á fi SIGKILL pa á tipátipá. Ìyẹn ò tó mi, mo sún TimeoutStopSec, ìyẹn iye àkókò náà, sí `10min`. Wàhálà ibẹ̀ nìyí: bí iná bá lọ, server náà lè dúró de àdàkọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bátìrì onduleur á sì ti kú kó tó parí.

Láyé SysV, tó wà ṣáájú systemd, script kàn máa ń wo RUNLEVEL, nọ́ńbà ipò tí ẹ̀rọ wà, ni: 0 ni pípa, 6 ni títún-tàn. Ní systemd, ńṣe lèèyàn ń béèrè. Mo fi èyí sí òkè script ExecStop:

`[ "$(systemctl is-system-running)" = stopping ] && exit 0`

Bí ìdáhùn bá jẹ́ `stopping`, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Script á fo àdàkọ, systemd á fi SIGTERM ní kí ètò tilẹ̀kùn dátà rẹ̀ wọ́ọ́rọ́. `running` tàbí `degraded`, ẹ̀rọ ò lọ; ọwọ́ èèyàn ni lọ́pọ̀ ìgbà, script á sì ṣe àdàkọ. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Restart=always, tó ní kí systemd tún ètò tó bá kú jí, náà dára: kì í jí ètò tí mo fọwọ́ pa. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á fún àtúnṣe, tí iná lọ tó sì dé, ètò tó wà ní `enable` (kó máa tàn bí ẹ̀rọ bá tàn) á tún dìde. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń jókòó ti káńtà bi mí pé, "Ìwọ lo pa á, ó tún padà wá, ṣé àbíkú ni?" Àfi kéèyàn lo `disable` (kó má tàn fúnra rẹ̀) tàbí `mask` (kó má lè tàn rárá). Docker, tó ń fi ètò sínú àpótí tirẹ̀, ní `unless-stopped`, tó máa ń rántí pé èèyàn ló pa á. Ó dùn mí pé systemd ò ní irú rẹ̀.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ìlà `is-system-running` kan ṣoṣo yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i.