Àyẹ̀wò ètò ìkíni-káàbọ̀ fún kíláàsì kìíní ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Òṣogbo

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí wà ní ìgboro Òṣogbo. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú àléébù tí mo máa mẹ́nu bà ni ó kan ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni mìíràn nílùú wa. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n pe àwọn òbí àti àwọn ọmọ tuntun jọ láti kí wọn káàbọ̀ sí sáà ẹ̀kọ́ tuntun. Ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì ni apá tó dára jù nínú ètò náà wà, kì í ṣe ọwọ́ àwọn aláṣẹ.

Kí olùkọ́ náà tó yíjú sí àwa òbí rárá, ó lóṣòó níwájú àwọn ọmọ, ó béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ẹnì kọ̀ọ̀kan nílé, ó kọ ọ́ sórí páálí pélébé, ó sì fi okùn gbé e kọ́ wọn lọ́rùn. Yorùbá ni ó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó mú wọn lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi tí omi mímu wà, ó sì kọ́ wọn ní bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ bí inú bá ń run wọ́n tàbí bí ẹnìkan bá lù wọ́n. Ọmọkùnrin kan ti di ìró ìyá rẹ̀ mú gírígírí láti ẹnu géètì. Nígbà tí ó gbọ́ “Àkànní, wá bá mi ka ẹfun ìkọ̀wé yìí,” ó tú ọwọ́ sílẹ̀.

Èyí kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti máa ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 ti ní kí a fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Nígbà tí ó kan àwa òbí, tí a ká eékún jókòó lórí àwọn bẹ́ǹṣì kéékèèké, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ṣókí, ó sì wúlò. Ó ní kí a kọ orúkọ ẹni tí yóò máa wá mú ọmọ sílẹ̀, kí a sì fi fọ́tò rẹ̀ sí i, nítorí pé òun kò ní fa ọmọ lé ọlọ́kadà kankan lọ́wọ́ lórí ìpè fóònù lásán. Ó bẹ òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pé kí ó má fi pamọ́, torí pé òtútù àti àìmu omi tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ní kí a jókòó ti ọmọ, ṣùgbọ́n kí a má bá a ṣe é. Bàbá kan béèrè pé, “Àǹtí, bí kò bá wá mọ̀ ọ́n ńkọ́?” Ó dáhùn pé, “Ẹ jẹ́ kó gbé e wá bẹ́ẹ̀, sà. Ibi tó ti ṣì í gan-an ni mo fẹ́ rí.”

Lẹ́yìn èyí ni àwọn aláṣẹ gba ọ̀rọ̀, tí ètò náà sì wọ́lẹ̀. Owó ni wọ́n fi gbogbo àkókò tó kù sọ. Ohun tó bí mi nínú jù ni àwọn ìwé tí ọmọ yóò máa kọ ìdáhùn sínú wọn: àbúrò kò lè jogún wọn, a ó sì tún ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Òótọ́ ni pé òfin 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwa la sì fẹsẹ̀ ara wa rìn wá síbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó ń sanwó fún. Òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ètò náà sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ti wà nínú ìsọ̀ wọn ní Ìgbọ̀nà àti Ọjà Ọba.

Bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì, olùkọ́ náà yóò gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, àwọn aláṣẹ yóò sì gba mẹ́rin. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ hàn án, kí ó sì gba àkọsílẹ̀ iye owó ìwé kí ó tó san kọ́bọ̀.