Ibùdó Bàbá Ṣọ́jà lọ́nà Ìmọ̀ta: oorun ni mo sanwó fún

Bí ẹ bá ní ọmọ tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, ẹ ó ti gbọ́ nípa àwọn tó ń kó ọ̀dọ́ jọ sórí pápá káàkiri Ìkòròdú, tí wọ́n ní àwọn ń múra wọn sílẹ̀ de Zaria, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun tuntun níṣẹ́. Ariwo àti pàṣán ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní. Eré ìdárayá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama, torí náà ojú mi kì í kúrò lára irú wọn. Èyí tí mo fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí wà lójú ọ̀nà Ìmọ̀ta, kí ẹ tó dé ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí ìjọba Èkó kọ́. Ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín. Bàbá Ṣọ́jà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Iṣẹ́ orí pápá dára, kò kàn yàtọ̀ ni: ròóòdù wọ́ọ̀kì ní ìdájí, púṣọ́ọ̀pù, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ẹ lè rí ìyẹn níbòmíràn lówó pọ́ọ́kú. Ohun tí ẹ ò ní rí níbòmíràn ni aago 9 alẹ́. Tó bá ti lù, wọ́n á pa iná, wọ́n á gba fóònù gbogbo ọmọ sínú garawa, kẹ́kẹ́ á pa títí di aago 5. Inú àwọn òbí kan ò dùn sí i. Ìyá kan bi í níṣojú mi pé ṣé kí ọmọ òun lè máa sùn lòun ṣe sanwó, ṣé ṣọ́jà ń sùn ni? Bàbá náà ò bá a jà. Ó ní, "Màmá, ìyà tó wà ní Zaria ń dúró dè é. Mi ò ní fi tèmi kún un."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Púṣọ́ọ̀pù kì í mú iṣan le lójú ẹsẹ̀. Ń ṣe ló ń fà á ya díẹ̀díẹ̀, ìgbà téèyàn bá sinmi ni ara ń dí i padà, inú oorun ìjìkà sì ni èròjà ara tí wọ́n ń pè ní growth hormone ti ń tú jáde jù. Nígbà táwọn ológun Ísírẹ́lì fi dandan lé e pé kí ọmọ ogun tuntun sùn, ó kéré tán, wákàtí 6 lóru, tí wọ́n sì dín ìrìn àrìnjù kù, egungun ẹsẹ̀ tó ń sán nítorí àṣejù fi ohun tó lé ní ìdá 60 nínú 100 dín kù. Àwa níbí ṣì ń fi àìsùn yangàn.

Kì í ṣe pé kò sí àìsùn rárá níbẹ̀ o. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa ń ṣọ́ gétì mọ́jú. Mo mú rúlà mi lọ láàárọ̀ Sátidé kan, kí n fi wo bí ọwọ́ wọn ṣe yá tó. Màá di orí rúlà mú, ọmọ á ya ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, màá jù ú sílẹ̀ láìsọ fún un, kó gbá a mú. Púṣọ́ọ̀pù tó ṣe ò fi bẹ́ẹ̀ dín, torí agbára iṣan kì í sá lọ lóru ọjọ́ kan. Rúlà ńkọ́? Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ tán kó tó rí i dì mú. Nígbà tí wọ́n sáré gígùn, ẹni tó máa ń wà níwájú di ẹni à ń dúró dè. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Australia, tó jáde lọ́dún 1997, fi hàn pé ẹni tó bá lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, ìṣe rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ìdá 0.05 nínú 100. Ẹ wá gbé ìbọn fún un! Bàbá Ṣọ́jà mọ èyí dáadáa: kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù wúwo tàbí fo kòtò lọ́jọ́ náà.

Ó tún ka obì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò amára-jípépé léèwọ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Ó tọ̀nà, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì kaféènì téèyàn jẹ, ìyẹn èròjà inú wọn tó ń lé oorun, ṣì wà lára. (Òun fúnra rẹ̀ ń rún obì lálẹ́. Mo rí i.)

Ibi tó kù sí rèé. Fóòmù tí wọ́n ń sùn lé fẹ́lẹ́ bíi búrẹ́dì tí wọ́n jókòó lé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti ya. Gbọ̀ngàn àríyá kan sì wà ní òdìkejì ọ̀nà, tó ń fi ẹ̀rọ orin dà wọ́n láàmú ní gbogbo alẹ́ Sátidé. Mo ní kó kúkú gbé ìṣọ́ òru kúrò ní ọjọ́ Ẹtì sí Sátidé, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa rí oorun sùn lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì tíì ṣe é. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yọ ìràwọ̀ 1 nínú 5.

Kì í ta fọ́ọ̀mù, kì í sì í parọ́ pé òun mọ ọ̀gá kan níbì kan. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ọmọ ogun lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀, olè ni. Ọkọ̀ Ìmọ̀ta ni kẹ́ ẹ wọ̀ láti Sábó ní Ìkòròdú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbé fóòmù àti nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ dání.