Pọ́ńpù dísù tó ń kú lọ lára píkọ́ọ̀pù: ká tún un ṣe, ká ra tòkunbọ̀, àbí ká ra tuntun?

Bí píkọ́ọ̀pù onídísù yín bá ń pẹ́ kó tó sítáàtì láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró, tàbí tí kò fà mọ́ bó bá gbẹ́rù gun òkè lọ́nà Iléṣà, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi hàn yóò sọ pé pọ́ńpù ti lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò to ọ̀nà mẹ́ta síwájú yín: kí àwọn oníkálíbréṣọ̀n, ìyẹn àwọn tó ń tún pọ́ńpù ṣe tí wọ́n sì ń dán an wò lórí ẹ̀rọ, tún tiyín ṣe, kí ẹ ra tòkunbọ̀, tàbí kí ẹ ra tuntun. Òṣogbo ni mo ń gbé, Hilux onídísù ni mo sì fi ń kó oúnjẹ adìyẹ àti àgbàdo láàárín Ìkirun, Ìlobùú àti Ẹdẹ. Mo ti ná owó sórí méjì nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, mo sì ti bá àwọn tó ná owó sórí ẹ̀kẹta sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ó lè má jẹ́ pọ́ńpù rárá

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ yẹ fítà wò. Fítà tó ti dí máa ń ṣe ọkọ̀ bí ẹni pé pọ́ńpù ti kú. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn rọ́bà tó ń gbé dísù bọ̀ láti táǹkì: bí ọ̀kan bá sán díẹ̀, afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé, dísù á sì sá padà sí táǹkì lóru. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi rọ́bà funfun tí ojú lè rí inú rẹ̀ rọ́pò èyí tó wọ pọ́ńpù fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìfófòó tó ń rìn nínú rẹ̀, rọ́bà lẹ máa rà, ẹ ò ní ra pọ́ńpù.

Lára Hilux D-4D 2.5 àti 3.0, tó ń lo pọ́ńpù HP3 ti Denso, fáfù kékeré kan wà lára pọ́ńpù tó ń díwọ̀n dísù tó ń wọlé. SCV ni wọ́n ń pè é. Bó bá ń há, ẹ́ńjìnnì á máa lọ sókè sódò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹná, ó sì lè kú lójijì lójú ọ̀nà. Bí ẹni tó ń skáànù ọkọ̀ bá rí kóòdù àṣìṣe P1229 tàbí P0087, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú pọ́ńpù kí wọ́n tó yẹ fáfù yìí wò, nítorí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. P0087 tún lè wá láti ọ̀dọ̀ ńsọ́ọ̀lù, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, bó bá ń dá dísù padà ju bó ṣe yẹ lọ. Kí wọ́n so ìgò mọ́ ibi tí ńsọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti ń dá dísù padà, kí wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n wo ìgò tó kún ju tàwọn yòókù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Agbára dísù nínú páìpù tó ti pọ́ńpù lọ sí ńsọ́ọ̀lù lè kọjá 1,000 bar, ó lè gún awọ kó sì wọnú ẹran ara.

Irú pọ́ńpù tí ẹ ní

Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì 2L tàbí 5L, àti L200 àtijọ́ tó ní 4D56, pọ́ńpù VE ni wọ́n ń lò, irú àtijọ́ tó ń pín dísù fún ńsọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Àwọn oníkálíbréṣọ̀n ilẹ̀ wa ti mọ VE tinú tòde. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń jò ni, síìlì ni wọ́n máa pààrọ̀, kò sí ìdí tí ẹ fi máa ra òmíràn. Kọ́mọ̀n réèlì bíi HP3 yàtọ̀: inú páìpù kan tí wọ́n ń pè ní réèlì ló ń fi agbára kó dísù jọ sí fún gbogbo ńsọ́ọ̀lù. Ẹ̀rọ ìdánwò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fún dísù lágbára tó pọ̀ bíi ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, yàrá tí wọ́n ti ń tú u gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, torí erukuru díẹ̀ lè bà á jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ kálíbréṣọ̀n síwájú ṣọ́ọ̀bù ló ní ẹ̀rọ yìí. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín kí ẹ tó gbé pọ́ńpù sílẹ̀.

Ta ló dán an wò?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí òun ló jẹ mí lówó.

Tòkunbọ̀ tí ẹ máa rí ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, wọ́n tú u lára ẹ́ńjìnnì kan tí ẹ ò mọ bó ṣe kú. Ó ti wà nínú kọ̀ǹtéńà, ó ti wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹnu ihò rẹ̀ sì lè ṣí sílẹ̀ láti ìgbà náà. Dísù fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ òróró nínú pọ́ńpù dísù. Bó bá ti gbẹ, tí ọ̀rinrin wọ inú rẹ̀, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀ níbi tí irin ti ń fara kan irin. Ojú ò lè rí i láti ìta. Ọlọ́jà á fọwọ́ yí ṣáfúùtù rẹ̀ níwájú yín, á ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ọ, ó lọ geere." Gbogbo ohun tí yíyí yẹn sọ ni pé kò tíì gan. Kò sọ iye agbára tó lè mú wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ipò tí inú rẹ̀ wà.

Èyí tí wọ́n tà fún mi sítáàtì ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dè é. Ó gbé mi dé Ìkirun, ó gbé mi bọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ṣí fítà, ẹ̀rún irin ń dán nínú rẹ̀. Pọ́ńpù náà ti ń jẹ ara rẹ̀ látinú. Ẹ̀rún yẹn kì í dúró sójú kan: ó ń gba réèlì kọjá sínú ńsọ́ọ̀lù, ó sì ń bá dísù tó ń padà lọ sínú táǹkì. Nítorí náà, ńsọ́ọ̀lù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ lọ sórí ẹ̀rọ, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ táǹkì kalẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, páìpù gbogbo gbọ́dọ̀ mọ́, kí wọ́n tó de pọ́ńpù mìíràn. Owó ìtúnṣe yìí ju owó pọ́ńpù náà fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Ọlọ́jà ní mẹkáníìkì mi ló dè é bí kò ṣe yẹ. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni pé pọ́ńpù tó bá ọkọ̀ wá ṣì wà nílé. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ oníkálíbréṣọ̀n tó ní ẹ̀rọ kọ́mọ̀n réèlì. Ó tú u lójú mi, ó fi ibi tó jẹ hàn mí, ó pààrọ̀ àwọn síìlì àti SCV, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó fún mi ní ìwé tó fi iye dísù tó ń tú jáde ṣáájú àti lẹ́yìn ìtúnṣe hàn. Bí iye yẹn kò bá péye, orí tábìlì rẹ̀ ló máa wà, kò ní dé ara ọkọ̀ mi. Òun náà ló wà lára ọkọ̀ títí di òní. Ẹ má ṣe fi pọ́ńpù àtijọ́ yín dí owó òmíràn lọ́jà, ẹ má sì fi sílẹ̀ fún mẹkáníìkì, àyàfi tí ọkọ̀ bá ti rìn dáadáa pẹ̀lú ẹrù.

Tuntun ojúlówó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dán an wò kó tó dé ọwọ́ yín, ihò rẹ̀ sì ní ìdérí. Ìṣòro ibẹ̀ ni páálí. Páálí Denso tó dà bí òótọ́ pọ̀ lọ́jà, ayédèrú ló sì wà nínú òmíràn. Ọ̀dọ̀ aṣojú ilé iṣẹ́ ni ọkàn ti lè balẹ̀, ẹ ó sì san owó ìfọ̀kànbalẹ̀ náà.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Owó: lójú ọjà, tòkunbọ̀ ló máa ń rọjú jù, ìtúnṣe tẹ̀lé e, tuntun sì ń bá dọ́là lọ sókè.

Àkókò: tòkunbọ̀ lè wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìtúnṣe ń dá ọkọ̀ dúró, pàápàá bí wọ́n bá ní láti ránṣẹ́ ra nǹkan l'Ékòó.

Títò: wọ́n gbọ́dọ̀ to VE kó bá yíyí ẹ́ńjìnnì mu déédéé nígbà tí wọ́n bá ń dè é, kí dísù lè wọlé lásìkò, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó.

Omi: kò sí èyí tó lè fara dà á nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rọ dísù inú fítà sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀. Omi wúwo ju dísù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Bí ẹ bá rí i, ẹ fọ táǹkì kí pọ́ńpù kankan tó wọlé, kí ẹ sì yí ibi tí ẹ ti ń ra dísù padà. Dísù inú kẹ́ẹ̀gì lásìkò òjò, àti èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú, ló ń pa pọ́ńpù jù.

Èwo ló bá ta ni mu?

Tuntun dára fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, tó fẹ́ lò ó fún ọdún púpọ̀, tí owó rẹ̀ sì ká a lọ́dọ̀ aṣojú. Ẹni tí pọ́ńpù rẹ̀ ṣì ń yí, tí kò tíì fọ́ látinú, ìtúnṣe lórí ẹ̀rọ ló bá a mu, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí mo rí ládùúgbò wa ló sì wà nípò yìí. Tòkunbọ̀ wà fún ẹni tí pọ́ńpù rẹ̀ ti gan pátápátá, tí apá rẹ̀ kò sì ká tuntun.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ náà lẹ máa rà, ẹ sọ fún ọlọ́jà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pé ọ̀dọ̀ oníkálíbréṣọ̀n ni pọ́ńpù náà ń lọ tààrà, àti pé bí kò bá yege lórí ẹ̀rọ, ẹ ó dá a padà, yóò sì dá owó yín padà. Bó bá gbà, kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára pọ́ńpù. Bí kò bá gbà, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé e.